Èèpo Ọ̀pẹ̀yìnbó Tí Wọ́n Tì Mọ́lé

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kò tíì lù tí Tíṣà fi jókòó sórí àga onírọ́bà ní yàrá àlejò ilé-iṣẹ́ tó ń fún omi èso. Nígbà tí aago kan ọ̀sán yóò fi lù, ó ti ka gbogbo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri tán, títí kan èyí tó ń kọ́ àlejò bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹrin pé, "Ọ̀gá ń bọ̀, mà." Ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni Tíṣà dáhùn pé kò burú. Ó burú. Ohun tó sì mú un burú jù ni pé ọ̀gá tí wọ́n ń wí yìí, òun Tíṣà ló kọ́ ọ bí irúgbìn ṣe ń hù, nígbà tí ọ̀gá ṣì ń fi apá ẹ̀wù nu imú ní kíláàsì kejì ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Ọdún mọ́kànlélógún ni obìnrin yìí fi kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀, débi pé àwọn tí kò tilẹ̀ jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí ń pè é ní Tíṣà. Ìgbà tó yá ni ìjọba agbègbè yá a lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n gbé iṣẹ́ tuntun lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà dùn ún gbọ́ létí. Wọ́n ní kó so àwọn tó ń da nǹkan nù pọ̀ mọ́ àwọn tó lè lò ó: kí èèpo èso di oúnjẹ ìdin, kí ìdin di oúnjẹ ẹja, kí ìgbẹ́ ìdin di ajílẹ̀ lóko, kí oko sì tún so èso padà fún ilé-iṣẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo agbègbè di òbíríkítí kan tí ohunkóhun kò ní jábọ́ lára rẹ̀. Àjọ kan tó wà lọ́nà jíjìn ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un ní Kò-Sádànù.

Ọdún kejì ti ń parí lọ báyìí. Kò-Sádànù ti ṣe ìpàdé mọ́kàndínlógún. Ó ti ri pátákó ńlá kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ti pín igba fìlà aláwọ̀ ewé. Àwòrán agbègbè wà lára ògiri, tí wọ́n fi okùn pupa so ìlú mọ́ ìlú bí ẹni ń di irun. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ èèpo kan ṣoṣo kò tíì kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn. Àwọn ọlọ́sìn ń dúró de ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ń dúró de ìjọba, ìjọba ní àwọn olùkópa ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláwàdà ìlú ti yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Kò-Sí-Nǹkan. Ọkọ Tíṣà gan-an ti ń pè é bẹ́ẹ̀, bí ó bá dá a lójú pé ìyàwó òun wà lókèèrè.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí àwọn àlejò àjọ náà dé. Wọ́n ti kọ̀wé pé ohun tí àwọn fẹ́ rí kò ju kí òbíríkítí náà yí lẹ́ẹ̀kan péré.

Nígbà tí ọ̀gá wá jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Tíṣà mi, ẹ má bínú. Ìpàdé ló mú mi mọ́lẹ̀."

"Lẹ́tà mẹ́fà ni mo ti kọ sí yín," ni Tíṣà wí, kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n dé inú ọ́fíìsì.

"A rí gbogbo ẹ̀, mà. Lẹ́tà ọ̀hún gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀." Ó fa àga fún un, ó sì gbé omi tútù síwájú rẹ̀. "Mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí olú ilé-iṣẹ́. Wọ́n ní bí ẹgbẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ bá lè kọ lẹ́tà mẹ́fà nítorí èèpo, á jẹ́ pé èèpo ọ̀hún níye lórí. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí agbẹjọ́rò yóò fi wò ó."

"Ṣebí ẹ ń dà á nù ni?"

"À ń dà á nù tẹ́lẹ̀ ni. Láti ìjẹta, dúkìá ilé-iṣẹ́ ni."

Ó fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rí i fúnra rẹ̀. Lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti fi páànù tuntun sé àyè kan mọ́, àgádágodo tó tó ẹ̀ṣẹ́ àgbàlagbà sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan jókòó síwájú rẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Òkìtì èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó yọ lórí páànù náà bí òkè kékeré, eṣinṣin sì ń hó lórí rẹ̀.

Tíṣà wo èèpo, ó wo ọ̀gá. Ìgbà kan wà tí ì bá ti sọ fún ọmọ yìí pé kó dìde dúró kó ká ọwọ́ sókè. "Ìgbà wo ni agbẹjọ́rò máa wò ó tán?"

"Ẹni tó wà nídìí ẹ̀ wà ní ìsinmi, mà."

Tíṣà mu omi tútù náà tán nítorí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé ó mu ún.

Ọjọ́ kejì ọjọ́ náà, ó jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń kọ lẹ́tà keje, nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wọlé. Ọlọ́sìn ẹja ni, adágún mẹ́rin ló ní lẹ́yìn ìlú, ibẹ̀ kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ọ́fíìsì yìí. Síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti wá síbẹ̀ rí. Ìpàdé àkọ́kọ́ nìkan ló bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, nítorí pé ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú u. Láti ìgbà náà, bí Tíṣà bá ti dárúkọ ìdin, yóò ní, "Àǹtí, ẹja mi kì í jẹ ìdin. Bí àwọn oníbàárà bá gbọ́, wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ." Ó ti sọ ọ́ lójú àwọn mọ̀lẹ́bí débi pé ìyá wọn ní kí Tíṣà fi ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn sílẹ̀.

Bàtà òjò aláìmọ́ ló fi wọlé lọ́jọ́ yìí. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Àǹtí, kí lẹ kọ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ olómi èso?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná."

"Mo ní kí wọ́n fún wa léèpo. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé mi síbí ṣe nìyẹn."

Ọkùnrin náà jókòó, ó yọ fìlà, ó gbá ojú mú. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, orí tábìlì ló ń wò. "Ẹja ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló wà nínú omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n tó ó tà. Onídin ní ìdin òun ti ń kú, kò rí nǹkan fún wọn jẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti èèpo mọ́lé."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ Tíṣà létí. Ó fi bíìrò sílẹ̀. "Ìdin wo?"

"Èyí tí mò ń fún wọn jẹ."

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́rìnlá."

Oṣù mẹ́rìnlá. Láàárín oṣù mẹ́rìnlá náà, ìpàdé mọ́kànlá ni Tíṣà ti pè, tó ń bẹ àwọn èèyàn bí ẹni ń bẹ òjò pé kí wọ́n ṣáà gbìyànjú rẹ̀ wò. Ó ti sunkún nítorí rẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ sì ń jókòó tì í nílé ìyá wọn, ó ń tayín, ó ń sọ pé ẹja òun kì í jẹ ìdin.

"Níbo lẹ ti mọ ara yín?"

"Nípàdé yín àkọ́kọ́. Ẹ mú wa jókòó sídìí tábìlì kan, èmi, Onídin àti Jẹ́jẹ́ tó ń wa ọkọ̀ pàǹtí ilé-iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ níwájú, ẹ̀rọ gbohùngbohùn yín kàn ń han ni, a ò gbọ́ nǹkan kan. La bá ń bá ara wa sọ̀rọ̀."

"O ò wá sọ fún mi."

"Tí mo bá sọ fún yín, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, Àǹtí. Ẹ máa ya fọ́tò. Ẹ máa gbé ẹja mi sórí pátákó yẹn, pẹ̀lú ìdin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ta ló máa wá rà á?"

Tíṣà wo dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Ó ti ya àwòrán pátákó kejì sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, bí àbúrò rẹ̀ ṣe wí i gẹ́lẹ́ ni: ẹja lápá ọ̀tún, ìdin lápá òsì.

Wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ Onídin. Ilé rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ààtàn, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gé pákó, wọ́n sì ń gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Ó fi àwọ̀n bo àtíbàbà gígùn kan. Nínú rẹ̀, agbada ìwẹ̀ àtijọ́ mẹ́sàn-án tò lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó fi pákó pẹlẹbẹ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ìdin bá ti dàgbà tán, fúnra wọn ni wọ́n ń gun pákó náà jáde, wọ́n sì ń já bọ́ sínú garawa tó wà nísàlẹ̀. Kò sí iná, kò sí ẹ̀rọ. Irú rẹ̀ ni Tíṣà ti yà lójú pátákó dúdú láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n kò fojú rí i rí. Inú agbada márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ti gbẹ. Ó tọ́ ọ̀kan lára wọn wò pẹ̀lú ìka, ìdin tó ti kú fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìyàngbò.

Onídin fúnra rẹ̀ dúró sẹ́yìn ọ̀pó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún kíláàsì kẹta ka lọ́wọ́ Tíṣà, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin náà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò wá bá mi?" ni Tíṣà bi í.

"Mo wá, mà. Ẹ fún mi ní fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́rìnlélógún." Ó rọra wo àbúrò Tíṣà, bóyá yóò gbà á sílẹ̀. "Ojú-ewé kẹta ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kí iṣẹ́ mi dà lọ́dún mẹ́wàá sí i. Mà, èmi ní ìdin tó máa di eṣinṣin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Jẹ́jẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ òfìfo. Wíwà tó ń wa ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun ló wá là á yé Tíṣà. Ilé-iṣẹ́ ní kó máa gbé èèpo lọ sí ààtàn tó wà ní ẹ̀yìn odi, ọ̀nà ibẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ó bá ń yà sọ́dọ̀ Onídin. Ìgbẹ́ ìdin ni Onídin fi ń dá a lọ́lá, Jẹ́jẹ́ ń gbé e lọ fún ìyàwó rẹ̀ tó ń gbin ọ̀pẹ̀yìnbó. "Ilé-iṣẹ́ yẹn náà ni ìyàwó mi sì ń ta ọ̀pẹ̀yìnbó fún," ló wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìṣe rẹ̀. "Ó ń yí lọ, ó ń yí bọ̀, mà. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àfi ìgbà tí lẹ́tà wọlé."

Tíṣà fẹ́ bínú sí wọn, kò mọ ẹni tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀. Òbíríkítí tó ń wá láti ọdún méjì ti ń yí lẹ́yìn rẹ̀, òun sì ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki igi bọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò fi yí mọ́, ní lẹ́tà mẹ́fà, pẹ̀lú òǹtẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó padà sí ilé-iṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò dúró ní yàrá àlejò. Ó kọjá ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì bí ẹni tó ń wọ kíláàsì tí ariwo ti pọ̀ jù.

"Mo fẹ́ gba àwọn lẹ́tà mi padà."

Ọ̀gá wò ó títí. "Wọn kì í gba lẹ́tà padà, mà. Wọ́n ti fún wọn ní nọ́ńbà nínú fáìlì."

"Nígbà náà, jẹ́ kí awakọ̀ máa gbé èèpo lọ bíi ti tẹ́lẹ̀ kí agbẹjọ́rò tó dé."

"Kí wọ́n wá ní èmi ni mo fi dúkìá ilé-iṣẹ́ tọrẹ?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mà, ọmọ mẹ́ta ni mo ní. Ẹni tó wà lórí àga yìí kí n tó dé, wọn ò fún un ní ọ̀sẹ̀ kan tó fi kó ẹrù rẹ̀." Tíṣà rí i pé kì í ṣe ìgbéraga ló ń ṣe ọmọ náà. Ẹ̀rù ń bà á. Ì bá wu Tíṣà kó jẹ́ ìgbéraga, nítorí a lè bá onígbèéraga jà. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí ti lẹ́tà ṣe rí.

Fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko lẹ́yìn èyí, bí Tíṣà bá ti kúrò lọ́fíìsì, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èso lójú títì ló ń gbà lọ pẹ̀lú Onídin. Wọ́n ń ti ọmọlanke, wọ́n ń tọrọ èyí tó ti rà. Àwọn kan fún wọn. Ọ̀kan bi Tíṣà léèrè bóyá nǹkan ti le tó báyẹn fún àwọn olùkọ́. Omi ọsàn jíjẹrà dà sórí bàtà ọ́fíìsì rẹ̀, kò sì ṣeé wọ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n rí kó kò tó. Agbada mẹ́ta péré ni wọ́n fi gbà là, àbúrò rẹ̀ sì kó ẹja adágún méjì tà láìtíì tó ìwọ̀n. Kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà sí i. Ó kàn dákẹ́ sí i ni, ìyẹn sì dun Tíṣà ju ìjà lọ.

Òórùn ló bá wọn ṣe é níkẹyìn. Èèpo tí wọ́n tì mọ́lé kò mọ̀ pé òun ti di dúkìá. Ó rà, ó hó, omi rẹ̀ ń ṣàn gba abẹ́ páànù jáde sí àdúgbò. Àwọn òṣìṣẹ́ kò lè jẹun ọ̀sán mọ́. Àwọn ará ilé tó wà lẹ́yìn ògiri ránṣẹ́ pe àwọn wolé-wolé. Àwọn wọ̀nyí dé pẹ̀lú ìwé tiwọn, ìwé tiwọn sì lágbára ju ti agbẹjọ́rò lọ: ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fún ilé-iṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò ti géètì.

Wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ọ̀gá pe Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní kó wá kó èèpo, òun kò sì bi í léèrè ibi tó ń gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ló pe Tíṣà.

"Mà, ó ti ń lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì wà níwájú agbẹjọ́rò. Bí olú ilé-iṣẹ́ bá rí i kà níbikíbi pé ẹnìkan ń lo èèpo yìí, wọ́n á tún tì í, wọ́n á sì tì mí síta pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má kọ lẹ́tà mìíràn."

"Mo gbọ́," ni Tíṣà wí.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn àlejò dé, èèyàn mẹ́ta. Wọ́n dé fìlà aláwọ̀ ewé, wọ́n ya fọ́tò lábẹ́ pátákó, wọ́n ka àkọsílẹ̀ ìpàdé mọ́kàndínlógún. Àgbà inú wọn, obìnrin kan tó so awò ojú mọ́ ọrùn, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó lọ dúró níwájú àwòrán agbègbè, ó sì fi ìka tọ okùn pupa láti ìlú kan dé èkejì.

"Nínú gbogbo okùn yìí," ló wí, "èwo ni nǹkan ti gba orí rẹ̀ kọjá?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Tíṣà. Kí wọ́n wọ bàtà wọn nìkan ni, kí wọ́n rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn yóò rí ẹja tó ń jẹun. Kó pe orúkọ mẹ́rin péré, ọdún kẹta yóò dé, bóyá ọdún márùn-ún mìíràn pàápàá.

"Kò tíì sí."

Obìnrin náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kù. "Ọdún méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún méjì."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe pa Kò-Sádànù rẹ́ nìyẹn. Lẹ́tà tó dé lóṣù tó tẹ̀ lé e ní ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn agbègbè kò tíì ṣetán fún un. Tíṣà ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìdúró. Ó dá kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì padà, ilé-ẹ̀kọ́ sì gbà á padà sí kíláàsì. Ní yàrá àwọn olùkọ́, akẹgbẹ́ rẹ̀ kan bi í pé kí ló rí mú bọ̀ níbi tó lọ. Ó ní fìlà ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà tí wọ́n ń kó ẹja, ó lọ bá àbúrò rẹ̀ lẹ́bàá adágún. Àárín wọn ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó sórí garawa tó dojú délẹ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń fa àwọ̀n. Onídin gba ẹ̀yìn yọ sí i, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mà, obìnrin kan ló wà lórí ẹ̀. Ó ń sin adìẹ, ìlú kejì sí wa ló wà. Ó ní òun gbọ́ pé èèyàn lè fi ìdin..."

"Mi ò fẹ́ gbọ́."

"Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Mo ṣàlàyé, kò yé e. Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n sọ."

"Mo ní mi ò fẹ́ gbọ́. Ṣé mo ti ń ṣiṣẹ́ fún yín ni?"

Àbúrò rẹ̀ kò gbójú sókè nídìí àwọ̀n, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì, ẹ̀rín ló ń rín. Onídin ṣì na fóònù sí i. Ohùn obìnrin náà ń jáde láti inú rẹ̀, tín-ín-rín, ó ń pe "Ẹ ńlẹ́ o, ẹ ńlẹ́ o" bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò dá a lójú pé èèyàn wà nínú rẹ̀.

Tíṣà pòṣé. Ó nu ọwọ́ mọ́ ara aṣọ, ó sì gba fóònù náà.

"Ẹ káàsán, mà. Adìẹ mélòó lẹ ní?" Ó gbọ́ èsì rẹ̀, ó ń mi orí. "Ó dáa. Ìyẹ́ wọn ńkọ́? Kí lẹ ń fi ìyẹ́ wọn ṣe?"